Tẹlifíṣàn Kọ́ Ló Ṣókùnkùn

Ó rẹ Adéyanjú.

Kùtùkùtù òwúrọ̀ ni ó máa ń jí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Dagenham ṣì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Yóò wa ọkọ̀ búrẹ́dì kúrò nílé iṣẹ́, yóò já búrẹ́dì fún àwọn ṣọ́ọ̀bù Heathway, yóò gba Becontree Heath kọjá, yóò sì dé Rush Green kí ó tó ṣẹ́rí padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti fi ń jẹun nídìí ọkọ̀ yìí. Bí ó bá wọlé lọ́sàn-án, kò sí ohun tí ó tún ń wá mọ́ ju pé kí ó bọ́ bàtà, kí ó ju ara rẹ̀ sórí àga, kí ó sì tan tẹlifíṣàn.

Moṣọpẹ́, ìyàwó rẹ̀, kì í sinmi rárá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ní ń gbé wọn dìde, òun ní ń wẹ̀ wọ́n, òun ní ń bọ́ wọn lóúnjẹ. Tóbi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti gba iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Tọkọtaya náà nìkan ló kù sílé. Bí wọ́n bá pàdé ní kíṣìnì, "Ẹ kú iṣẹ́, Dádì Tóbi." "Kú iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn.

Adéyanjú kì í mutí. Kì í jalè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àgbèrè. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un láti kékeré ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí náà ó máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ó ti ta gbòǹgbò nínú rẹ̀: Adéyanjú kì í jẹ̀bi. Bí ọbẹ̀ bá jóná níṣojú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni kò tètè sọ̀ ọ́. Bí ó bá fi ọkọ̀ ha ògiri, ẹni tó kọ́ ògiri náà ni kò mọ ibi tí à ń kọ́ ògiri sí. Láti ìgbà tí Moṣọpẹ́ ti fẹ́ ẹ, kò tíì gbọ́ "má bínú" lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Oyèkọ́lá. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì jọ gbé ní Peckham nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òyìnbó, kí oníkálukú tó fẹ́ ìyàwó, kí wọ́n sì tó kó wá sí ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Oyèkọ́lá ń ṣe ìmọ́tótó ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà tó nítara. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan kí ó má pe Adéyanjú wá sí ìsìn.

"Ẹ̀yin aláṣọ funfun," ni Adéyanjú máa ń dá a lóhùn, á sì rẹ́rìn-ín. "Tẹlifíṣàn ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù tèmi. Bí pásítọ̀ bá sì ti sọ̀rọ̀ jù, mo lè pa tẹlifíṣàn náà."

Oyèkọ́lá náà á rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀sẹ̀ mìíràn bá pé, á tún pè é.

Nígbà tó ṣe, Adéyanjú bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa tẹlifíṣàn rẹ̀. Ó ní ó ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kò rí iye góòlù tí wọ́n kọ sí igun òkè. Bí agbábọ́ọ̀lù bá sá lọ sí etí pápá, ńṣe ni yóò pòórá bí ẹni wọ inú igbó. Adéyanjú tún un ṣe títí, ó fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kún, ó sún àga mọ́ ọn, ó sún un sẹ́yìn. Kò yí padà. Ó wá pe ìyàwó rẹ̀.

"Kí lo fi nu tẹlifíṣàn yìí?"

"Aṣọ gbígbẹ ni, Dádì Tóbi."

"Irọ́ ni. Ọṣẹ lo fi nù ún. O ti bà á jẹ́."

Moṣọpẹ́, tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, yíjú wo tẹlifíṣàn náà. Àwòrán rẹ̀ mọ́ roro. Ó ń rí koríko pápá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó mọ́lẹ̀ lójú tèmi," ni ó wí.

"Ojú tìrẹ kọ́ ni mo fi ń wò ó!"

Moṣọpẹ́ bọ́ bàtà iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó wọ yàrá lọ.

Láti ìgbà náà ni Adéyanjú ti ń ronú bóyá kí òun pààrọ̀ tẹlifíṣàn náà sí èyí tó lóde báyìí. Bí ó bá ti já búrẹ́dì tán, yóò yà sí ilé ìtajà ńlá kan níhà Romford, yóò dúró níwájú ògiri tí wọ́n to àwọn tẹlifíṣàn sí, yóò máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù láàárín èrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tí wọ́n bí sí ìlú yìí, Reuben, ló ń tajà níbẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n.

"Dádì, ẹ ti tún dé! Ẹ wo èyí. Kò sí iná lẹ́yìn rẹ̀ o. Àwọn àmì kéékèèké inú ẹ̀, oníkálukú ló ń tanná fúnra ẹ̀. Tí àwòrán bá dúdú, ó máa dúdú biribiri."

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń kọ́?"

"8K nìyẹn, èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ jù. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, kò tíì sí ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáfẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wa. Kí ló ń ṣe tilé yín gan-an?"

"Ó ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́."

Reuben fi ọwọ́ ra àgbọ̀n. "Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì? Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín wò ó ná. Tí kò bá bàjẹ́, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí ò tó nǹkan."

Bí ó ti ń padà lọ sílé, Adéyanjú rò ó pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ní òye nínú. Ó ránṣẹ́ pe Oyèkọ́lá kó wá bá òun wò ó. Oyèkọ́lá wá, ó jókòó tì í, wọ́n sì jọ ń wo bọ́ọ̀lù.

"Ta ló ń borí?" ni Adéyanjú bi í, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

"Ṣebí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn, lókè."

Adéyanjú yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ojú wá igun náà kiri. Oyèkọ́lá kò wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń wò.

"Yanjú," ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, "kò sí ohun tó ṣe tẹlifíṣàn yìí. Ṣé o ti lọ yẹ ojú wò?"

Ẹ ò rí i bí Adéyanjú ṣe fò sókè! Ó ní ojú òun yá ju ti Oyèkọ́lá lọ. Ó ní ìlara ni, pé Oyèkọ́lá kò fẹ́ kí òun ra ohun tí agbára tirẹ̀ kò ká. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Oyèkọ́lá dìde, ó mú kóòtù rẹ̀, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, mà á máa gbàdúrà fún ọ," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìtàn yìí, ṣé o mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ta á lára tó bẹ́ẹ̀? Adéyanjú ti mọ̀.

Nígbà ìrúwé tó kọjá, ó ti lọ gba awò ojú tuntun. Obìnrin tó yẹ ojú rẹ̀ wò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó tún un yẹ̀ wò, ó sì sọ fún un láì fi bò pé gilakóòmà ni, àrùn tí ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, tí kì í dunni. Ó ní òun yóò fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù kíákíá. Ó ní kí ó má wa ọkọ̀ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Adéyanjú ní òun ti gbọ́. Ó jáde, ó wọ inú ọkọ̀ búrẹ́dì, ó sì wà á lọ. Nígbà tí ọsibítù pè é lórí fóònù, ó ní òun wà ní Nàìjíríà.

Kò sọ fún Moṣọpẹ́. Kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé bí ọwọ́ òun bá kúrò nídìí ọkọ̀, kí ni òun tún jẹ́? Ó wá gbé ẹ̀bi náà lé tẹlifíṣàn lórí, nítorí tẹlifíṣàn kò lẹ́nu tí yóò fi jiyàn. Ó pa irọ́ náà fún ara rẹ̀ títí òun gan-an fi gbà á gbọ́.

Ó ra tẹlifíṣàn tuntun náà. Wọ́n gbé e wá, ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba gbogbo ògiri. Ó tàn án, ó jókòó. Àárín rẹ̀ ń dán bí ojú ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò rí ṣe pọ̀ tó. Ti àtijọ́, igun rẹ̀ nìkan ni kò rí. Ti tuntun, bí ẹni ń yọjú láti inú ihò ni.

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ìbá ti ronú pìwà dà níbẹ̀, ìbá ti dára fún un. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti gbé èyí tó bàjẹ́ fún mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Moṣọpẹ́ wà níbi iṣẹ́, Adéyanjú pe Levi tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà, àwọn méjèèjì gbé tẹlifíṣàn náà sínú ọkọ̀ búrẹ́dì tí ó gbé wálé. Ó fẹ́ dá a padà. Ojú ọjọ́ mọ́, òjò kò rọ̀, kò sí kùrukùru. Inú ń bí i. Ó ń tún ọ̀rọ̀ tí yóò bá Reuben sọ tò lẹ́nu.

Ó dé ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá títì nítòsí Becontree Heath. Ó wo ọ̀ọ́kán, kò rí ẹnikẹ́ni. Kò dẹ ẹsẹ̀.

Gbì!

Ó tẹ ìjánu mọ́lẹ̀. Tẹlifíṣàn ró gbàmù lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn ènìyàn ń sáré bọ̀. Obìnrin kan ń lọgun lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé kò rí i ni, ọkùnrin tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ní ọ̀sán gangan!

Adéyanjú sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ wọ aṣọ ìsìn funfun, fìlà funfun rẹ̀ ti yí lọ sí etí títì. Oyèkọ́lá ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀.

Ọlọ́pàá dé. Wọ́n yẹ èémí rẹ̀ wò, kò mutí. Wọ́n ní kí ó ka nọ́ńbà ọkọ̀ kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó kà á, nítorí ọ̀ọ́kán ni ojú rẹ̀ ṣì ríran sí. Wọ́n bi í bí ó ti ṣẹlẹ̀.

"Ó ṣàdédé já sójú títì ni," ni Adéyanjú wí.

Kò ronú kí ó tó sọ ọ́. Ó ti mọ́ ẹnu rẹ̀ lára.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun kan náà ni ó sọ fún Moṣọpẹ́. Moṣọpẹ́ wò ó, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì lọ wo Oyèkọ́lá ní ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ. Oúnjẹ tó gbé kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ tutù síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Adéyanjú dé ìdí ọkọ̀ búrẹ́dì, ó na ọwọ́ láti ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ náà kò gbà. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ara òun kò yá, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì lọ wo Oyèkọ́lá.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Itan rẹ̀ ti kán, wọ́n fi irin sí i. Ó sùn sílẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Adéyanjú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọlọ́pàá ti wá síbí," ni Oyèkọ́lá wí. "Wọ́n ní o sọ pé mo já sójú títì."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní ara ń ro mí, kí wọ́n padà wá. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, Yanjú. Ẹnu tìrẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Adéyanjú sorí kọ́.

"Mo rí ọkọ̀ rẹ o," ni Oyèkọ́lá tún wí. "Mo rí ọ nínú rẹ̀. Mo tilẹ̀ juwọ́ sí ọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ọ̀rẹ́ mi ni, á dúró. Ni mo fi sọdá."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fọ́ Adéyanjú. Bí ó bá jẹ́ èébú ni, ìbá fèsì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀sùn ni, ìbá rojọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó juwọ́ sí i nítorí pé ó fọkàn tán an, kí ni yóò sọ fún un? Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń sin bàbá rẹ̀ gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

"Mi ò rí ọ," ni ó wí. "Oyè, mi ò rí ọ rárá. Ojú mi ti ń lọ. Wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní kí n má wa ọkọ̀. Mo mọ̀, mo sì ń wà á. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Oyèkọ́lá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo ti dárí jì ọ́ kí wọ́n tó gbé mi débí. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi ò lè wẹ ọkàn rẹ. Ẹnì kan wà tí o ṣẹ̀ ṣáájú mi."

"Ó ti rẹ̀ mí, Oyè. Ó ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Búrẹ́dì kọ́ ló ń rẹ̀ ọ́. Ẹjọ́ tí ò ń rò láti kékeré pé o ò jẹ̀bi, òun ló ń rẹ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ lò ń wọ kóòtù. Gbé ẹjọ́ náà fún Jésù. Agbẹjọ́rò ni, kò pàdánù ẹjọ́ rí, ṣùgbọ́n kì í gba ẹjọ́ ẹni tó bá ní òun ò jẹ̀bi. Ìyà tó tọ́ sí ọ, ó ti jẹ ẹ́ lórí igi àgbélébùú. Kí lo tún ń bò mọ́lẹ̀ fún un?"

Níbẹ̀, láàárín àwọn aláìsàn, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, Adéyanjú gbàdúrà tí kò gbà rí láti ìgbà ìrìbọmi rẹ̀: "Jésù, mo jẹ̀bi. Mo mọ̀, mo sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi. Ṣàánú mi. Gbà mí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan tú sílẹ̀ nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn sọ ẹrù kalẹ̀ tí ọrùn sì gbàgbé bí ó ti wúwo tó.

Ọsibítù ló ti gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí. Lẹ́yìn èyí, ó lọ sílé, ó bá Moṣọpẹ́ ní kíṣìnì.

"Ìyá Tóbi, tẹlifíṣàn kò bàjẹ́," ni ó wí. "Ìwọ kọ́ lo bà á jẹ́. Ojú mi ni. Má bínú."

Moṣọpẹ́ fa àga, ó jókòó. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí omi tó bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbéraga ni."

"Àwọn arúgbó tí mi ò mọ̀ rí, gbogbo ọjọ́ ni mò ń di ọwọ́ wọn mú. Ṣé ọwọ́ tiyín ni mi ò ní lè dì mú ni, Dádì Tóbi?"

Ó na ọwọ́ sí i lórí tábìlì, Adéyanjú sì dì í mú.

Mi ò ní tàn ọ́, ìwọ òǹkàwé mi. Ojú Adéyanjú kò padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà sọ fún un pé èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn tí ó ń kán sójú báyìí wà láti dá èyí tó kù sí ni. Wọ́n gba lásẹ́ǹsì rẹ̀, ó sì dúró níwájú adájọ́. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun jẹ̀bi, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Iṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ilé búrẹ́dì ni wọ́n fi í sí, ó ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Oyèkọ́lá ń fi ọ̀pá rìn. Tẹlifíṣàn tuntun ti fọ́, ti àtijọ́ ṣì wà ní pálọ̀. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, Moṣọpẹ́ a jókòó tì í, a sì máa sọ ẹni tó ń borí fún un. Iṣẹ́ ṣì ń rẹ Adéyanjú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi orí lélẹ̀, oorun ń kùn ún, nítorí kò sí ohun tó ń sá fún mọ́.

Ìwọ ń kọ́?

Bóyá ó rẹ ìwọ náà. Ò ń jí, ò ń lọ síbi iṣẹ́, ò ń bọ̀, o sì rò pé bí o bá pààrọ̀ ilé, bí o bá pààrọ̀ iṣẹ́, bí o bá pààrọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ, ayé rẹ yóò mọ́lẹ̀. O ti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣé ó mọ́lẹ̀? Ohun kan wà tí ọkàn rẹ ti sọ fún ọ láti ìgbà pípẹ́, o sì ní kó dákẹ́. O mọ̀ ọ́n. Mi ò ní láti dárúkọ rẹ̀.

Má dúró di ìgbà tí ẹlòmíì yóò ṣubú lójú títì nítorí rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ kì í kú, ńṣe ló ń dàgbà. Jésù Kristi kò béèrè pé kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Kò béèrè pé kí o wẹ̀, kí o múra, kí o mọ àdúrà gùn. Òtítọ́ ni ó ń béèrè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì ṣe èyí tó kù.

Bí inú ọkọ̀ ojú irin ni o ti ń ka ìwé yìí, kò burú. Bí ó bá jẹ́ ìsinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni, ó tó. Kò sí ẹni tó ní láti gbọ́ ohùn rẹ. Sọ fún un pé o jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o sì lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Ọ̀la kò sí lọ́wọ́ rẹ. Òní ló wà níbẹ̀.